Ẹran kan, ojú mẹ́ta: ìtàn àríyànjiyàn àwọn dókítà lórí awọ inú ilé ọmọ

Fóìsì admin, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ọmọ mi ló bá mi tẹ̀ ẹ́ fún ẹ̀yin tí dátà yín kì í gbé fóìsì.

FÓÌSÌ KÌÍNÍ

Admin yín ni. Ẹ̀yin tó wà ní Ogbete, ẹ̀yin Kenyatta, ẹ̀yin New Market, ẹ̀yin Abakpa, gbogbo yín ni mò ń kí. Fóìsì mẹ́rin ni ti òní, ọ̀rọ̀ obìnrin sì ni. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó. Ìyàwó yín ni, ìyá yín ni, àwọn ọmọbìnrin yín náà ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Wẹ́sìdeè. Arákùnrin wa kan gbé ìwé méjì sórí group. Ẹran kan náà ni wọ́n gé nínú ilé ọmọ ìyàwó ẹ̀, ibi méjì ni wọ́n ti wò ó. Ìwé kìíní sọ pé nǹkan ti ń yí padà níbẹ̀, kí wọ́n tètè yọ ilé ọmọ náà. Ìwé kejì sọ pé kò tíì débẹ̀ yẹn, pé oògùn lè tó o. Ló bá di ariwo. Ẹnì kan ní olè ni gbogbo àwọn lab. Ẹnì kan ní torí pé a kì í ṣe ọmọ ibí ni wọ́n ṣe ń fi wá ṣeré. Alhaja wa kan ní kí wọ́n fi ilé ìwòsàn sílẹ̀, kí wọ́n wá mu àgbo. Èébú wọ̀ ọ́, mo sì ti group pa. Mo yọ àwòrán ìwé yẹn kúrò pẹ̀lú, torí orúkọ obìnrin náà wà lórí ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, a kì í gbé ìwé dókítà aya ẹni sójú ọjà.

Mi ò kàwé kọjá ṣẹ́kọ́ńdìrì, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ìwé méjì bẹ́ẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ èmi náà rí, lórí ara tèmi. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń wádìí ẹ̀. Mo bi àwọn tó mọ̀ ọ́n, mo sì kà á. Ohun tí mo rí ni pé àríyànjiyàn yìí ò bẹ̀rẹ̀ ní Enugu, kò sì bẹ̀rẹ̀ lórí wa. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn ọ̀gá iṣẹ́ náà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń bá ara wọn jiyàn lórí ẹ̀, àwọn fúnra wọn ló sì jókòó ka iye ìgbà tí wọn ò bára mu, tí wọ́n kọ ọ́ síta kí gbogbo ayé kà á. Ẹni tó bá mọ ìtàn yìí kò ní sáré lọ sábẹ́ ọ̀bẹ, kò sì ní sá fún dókítà. Ibi tí mò ń lọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Inú ilé ọmọ ní awọ kan tó tẹ́ ẹ, bí láínìn tí télọ̀ ń fi sí inú kóòtù. Awọ yẹn ló máa ń nípọn sí i lóṣooṣù láti dúró de oyún. Tí oyún ò bá dé, á ya dànù, òun là ń rí bíi nǹkan oṣù. Tí obìnrin bá wá ń ya ẹ̀jẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró tí ẹ̀jẹ̀ tún padà wá, dókítà á fi irin tàbí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan mú díẹ̀ lára awọ náà. Wọ́n á sọ ọ́ sínú fọ́málììnì kó má baà jẹrà. Ní lab, wọ́n á rì í sínú ìda gbígbóná, á gan bí àbẹ́là. Òun ni wọ́n ń pè ní búlọ́ọ̀kù. Wọ́n á gé e pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, ó máa ń fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ. Wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì kékeré tí wọ́n ń pè ní síláìdì, wọ́n á pa á láró, kó ní àwọ̀ pọ́pù àti píǹkì. Lẹ́yìn náà ni dókítà kan á fi máíkírósíkóòpù wò ó, ìyẹn awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Pathologist ni wọ́n ń pe irú dókítà yẹn.

Ẹ gbọ́ dáadáa o: kì í ṣe ẹ̀rọ ló ń tẹ èsì yẹn jáde bíi ti ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ojú èèyàn ló wò ó, èèyàn ló sì kọ ọ́.

FÓÌSÌ KEJÌ

Láyé àtijọ́, wọn ò mọ inú ilé ọmọ obìnrin tó ṣì wà láàyè. Ní àwọn ọdún 1840, dókítà ará Faransé kan, Joseph Récamier, gbé irin kan jáde tó dà bíi ṣíbí, tí wọ́n lè fi ha inú ilé ọmọ. Látìgbà yẹn ni ẹran ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé abẹ́ awò. Ẹran dé, ṣùgbọ́n wọn ò tíì mọ ohun tí wọ́n ń wò. Lónìí wọ́n á rí awọ tó tín-ín-rín, lọ́la wọ́n á rí èyí tó nípọn tó rí kọ́lọkọ̀lọ. Wọ́n ní àìsàn ni, wọ́n fún un lórúkọ pé inú ilé ọmọ wú. Wọ́n sì ń ha àwọn obìnrin káàkiri nítorí ẹ̀.

Ó di ọdún 1908 ní Vienna, ní ilẹ̀ Austria, kí dókítà méjì kan, Fritz Hitschmann àti Ludwig Adler, tó jókòó ti ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí wọ́n ṣe ò ju ohun tí ọlọ́jà gidi máa ṣe lọ: wọ́n béèrè ọjọ́. Wọ́n kó awọ ilé ọmọ àwọn obìnrin jọ, wọ́n sì tò ó gẹ́gẹ́ bí iye ọjọ́ tí nǹkan oṣù kálukú ti lọ. Wọ́n wá rí i pé ọ̀pọ̀ nǹkan tí àwọn ọ̀gá wọn ń pè ní àìsàn kì í ṣe àìsàn rárá. Awọ ọjọ́ kẹjọ ò lè rí bí awọ ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n. Kálukú nínú wọn pé bó ṣe wà.

Ẹni tó wọ Ogbete láago mẹ́fà ìdájí àti ẹni tó wọ̀ ọ́ láago kan ọ̀sán, ohun tí wọ́n máa rí ò lè jọra. Ti àkọ́kọ́ á ní ọjà ti kú. Ti èkejì á ní èrò fẹ́ pa òun. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn, wọn ò kàn sọ aago tí wọ́n dé ni. Ìdí nìyẹn tí fọ́ọ̀mù fi máa ń bi obìnrin léèrè ọjọ́ tó rí nǹkan oṣù gbẹ̀yìn. Tí nọ́ọ̀sì bá bi yín, ẹ má sọ pé "ẹ kọ ohunkóhun síbẹ̀". Ẹ̀kọ́ 1908 lẹ ń dà nù yẹn.

Nígbà tó di 1950, àwọn mẹ́ta kan ní Amẹ́ríkà, Noyes, Hertig àti Rock, tún tẹ̀ síwájú. Nínú ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́ ìwé ìròyìn àwọn dókítà kan tó ń jẹ́ Fertility and Sterility, wọ́n to àmì awọ náà lẹ́sẹẹsẹ, pé bí ẹ bá ti rí èyí, ọjọ́ báyìí ni. Ó dùn mọ́ àwọn dókítà gan-an. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí obìnrin bá ń wá ọmọ, wọ́n lè gé awọ ẹ̀ wò bóyá ó bá ọjọ́ ẹ̀ mu. Tí kò bá bá a mu, wọ́n á ní ibẹ̀ ni ìṣòro ẹ̀ wà.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún dókítà méjì ní síláìdì kan náà láti wò, eléyìí á ní ọjọ́ báyìí, ìyẹn á ní ó ti kọjá bẹ́ẹ̀. Kódà tí wọ́n bá gbé síláìdì kan náà padà síwájú ẹni kan náà, ó lè pe ọjọ́ mìíràn. Ní 2004, ìwádìí ńlá kan jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n gé awọ àwọn obìnrin tó ti bímọ àti ti àwọn tó ń wá ọmọ, wọ́n sì rí i pé àyẹ̀wò ọjọ́ awọ yẹn ò lè ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Ó ju àádọ́ta ọdún lọ lẹ́yìn 1950, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ ro iye obìnrin tí wọ́n ti sọ fún ní àárín yẹn pé ilé ọmọ ẹ̀ ò bá ọjọ́ mu. Ẹ ro iye tí ìyá ọkọ ti tìtorí ẹ̀ bú.

Mi ò sọ ọ́ kí ẹ lè bú dókítà o. Ta ló tú àṣírí náà? Àwọn dókítà fúnra wọn ni. Babaláwo mélòó lẹ mọ̀ tó jókòó ka iye ìgbà tóun ti ṣì í, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde?

FÓÌSÌ KẸTA

A ti dé ibi tí ìwé arákùnrin wa wà báyìí. Ọ̀rọ̀ tó wà lórí ìwé méjèèjì ni hyperplasia. Ó túmọ̀ sí pé awọ inú ilé ọmọ ti nípọn ju bó ṣe yẹ lọ. Ó máa ń wá nígbà tí họ́mọ̀nù kan tó ń mú awọ náà dàgbà, ẹsitirójììnì, bá ń ṣiṣẹ́ tí èkejì ẹ̀ tó yẹ kó dá a dúró ò sí níbẹ̀. A máa ń rí i lára obìnrin tí nǹkan oṣù ẹ̀ ń ṣe ségesège, tàbí tó sanra púpọ̀, tàbí tó ń sún mọ́ ìgbà tí nǹkan oṣù ń dáwọ́ dúró. Hyperplasia kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n oríṣi kan wà nínú ẹ̀ tó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú jẹjẹrẹ. Tí ẹ bá rí "atypia" tàbí "atypical" nínú ìwé, oríṣi yẹn ni wọ́n ń sọ: àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ò jọ ara wọn mọ́, àárín wọn ti tóbi, ó sì ti rí roboto.

Ní 1985, Robert Kurman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ ìwé kan tí gbogbo dókítà obìnrin mọ̀. Wọ́n wo 170 obìnrin tó ní hyperplasia tí wọn ò yọ ilé ọmọ wọn kíákíá, wọ́n wo ohun tó gbẹ̀yìn wọn. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin. Nínú 93 tí tiwọn rọrùn jù, ẹnì kan ló ní jẹjẹrẹ nígbẹ̀yìn. Nínú 29 tí tiwọn díjú díẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò sí atypia, ẹnì kan. Nínú 13 tó ní atypia ṣùgbọ́n tí kò díjú, ẹnì kan. Nínú 35 tó díjú tó tún ní atypia, ẹni 10. Ìyẹn ló di 1, 3, 8 àti 29 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ìṣègùn. Ẹ wo 8 yẹn dáadáa: obìnrin kan ṣoṣo nínú 13 ló bí i. Àmọ́ ohun tó hàn kedere ni pé níbi tí atypia bá ti wà, ewu ń bẹ. Ní 1994, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gba ọ̀nà mẹ́rin yẹn wọlé fún gbogbo ayé.

Ọ̀nà mẹ́rin dára lórí ìwé. Ẹ̀yin tó ń ta òkìrìkà, ẹ máa bá mi jẹ́rìí sí èyí. Tí ẹ bá tú béèlì, tí ẹ ní kí ọmọ iṣẹ́ méjì ṣà á sí gíréèdì mẹ́rin, wọn ò ní jà lórí aṣọ tó ṣì ní táàgì lọ́rùn, wọn ò sì ní jà lórí èyí tó ti ya. Àwọn tó wà láàárín ni ìjà máa ń wà. Kọ́là yìí ti rẹ̀, àbí kò tíì rẹ̀? Olówó ẹ̀ á pè é ní gíréèdì kejì, ẹni tó fẹ́ rà á á ní kẹta ni. Aṣọ kan náà o. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni awọ ilé ọmọ. Jẹjẹrẹ tó ti gbilẹ̀, gbogbo wọn á mọ̀ ọ́n. Awọ tó dára porogodo, gbogbo wọn á mọ̀ ọ́n. Àárín ni wàhálà wà, àárín yẹn náà ni wọ́n ti ń pinnu bóyá ilé ọmọ á dúró tàbí wọ́n á yọ ọ́.

Wọ́n tiẹ̀ ní òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àìbáramu. Ará Amẹ́ríkà kan, Jacob Cohen, ló gbé e jáde ní 1960, kappa ni wọ́n ń pè é. Ẹ tún padà sídìí béèlì. Ká ní gíréèdì méjì péré ni, tí èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi sì dijú, tí a kàn ń jù ú sọ́tùn-ún sósì. A ṣì máa bára mu nínú nǹkan bí ìdajì, láìmọ nǹkankan. Nítorí náà tí wọ́n bá sọ fún yín pé àwọn méjì bára mu nínú 60 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. 50 nínú ẹ̀ lè jẹ́ oríire lásán, 10 péré ni ojú wọn fi kún un. Cohen ní kí wọ́n kọ́kọ́ yọ oríire kúrò, kí wọ́n tó wọn ìmọ̀.

Ó wá di 2006. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà, Gynecologic Oncology Group, kó àwọn obìnrin bí 300 jọ tí dókítà àdúgbò wọn ti kọ ọ́ fún pé hyperplasia tó ní atypia ni. Wọ́n gbé síláìdì wọn fún pathologist mẹ́ta tó jẹ́ pé iṣẹ́ ara obìnrin nìkan ni wọ́n mọ̀ jù. Wọn ò jókòó pọ̀, kálukú wò ó lọ́tọ̀. Ẹ gbọ́ èsì. Nínú ọgọ́rùn-ún, 38 péré ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn mẹ́ta gbà pé òótọ́ ni ohun tí dókítà àkọ́kọ́ kọ. Nínú 29, wọ́n ní ó ti kọjá bẹ́ẹ̀, jẹjẹrẹ ti wà níbẹ̀. Nínú 18, wọ́n ní hyperplasia ni, ṣùgbọ́n kò sí atypia. Nínú 7, wọ́n ní kò sí nǹkankan, awọ tó ń bá oṣù lọ ni. Àwọn ọ̀gá mẹ́ta yìí fúnra wọn ńkọ́? 40 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni ẹnu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kò síbì kan.

Ẹ dákẹ́ díẹ̀ kí ẹ gbọ́ ìyókù, torí ibẹ̀ ni èmi fúnra mi ti mí kanlẹ̀. Àwọn obìnrin náà gbà kí wọ́n yọ ilé ọmọ wọn, wọ́n sì yẹ gbogbo ẹ̀ wò látòkè délẹ̀. Nínú 289 tí wọ́n lè kà, jẹjẹrẹ ti wà nínú 123. Ìyẹn lé ní 42 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn 74 tí ọ̀gá mẹ́ta sọ pé tiwọn kéré sí ohun tí ìwé àkọ́kọ́ kọ, 14 nínú wọn ní jẹjẹrẹ. Àwọn 16 tí àwọn ọ̀gá ò rí ọ̀rọ̀ kan sọ lé lórí, tí kálukú ń sọ tiẹ̀, 10 nínú wọn ní in.

Ṣé ẹ ti rí i? Ìwé kejì tó sọ pé "kò tó bẹ́ẹ̀" kì í ṣe ìdásílẹ̀. Ojú lè ṣì í. Tí ojú ò bá sì ṣì í, ẹran díẹ̀ ni wọ́n mú, ibi tí wọn ò mú lè jẹ́ ibẹ̀ gan-an ni nǹkan wà. Tí ẹ bá bu ìrẹsì ẹ̀kún kan látẹnu àpò, ẹ ò tíì mọ ìdí àpò.

Ìwé yẹn kò parí sí àríyànjiyàn lásán. Ní 2014, WHO kó ọ̀nà mẹ́rin yẹn dà nù, wọ́n fi méjì péré sílẹ̀: hyperplasia tí kò ní atypia, àti èyí tó ní in. Wọ́n rí i pé bí gíréèdì bá ṣe pọ̀ tó, ni ìjà á ṣe pọ̀ tó. Àti pé ìtọ́jú tó wà fún un, ọ̀nà méjì náà ló pín sí. Èyí tí kò ní atypia, oògùn họ́mọ̀nù tàbí kọ́ìlì tó ní họ́mọ̀nù ni wọ́n sábà máa fi wò ó, wọ́n á sì tún padà gé e wò. Èyí tó ní atypia, yíyọ ilé ọmọ ni wọ́n sábà máa gbani nímọ̀ràn, àyàfi tí obìnrin náà bá ṣì fẹ́ bímọ, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ọ gidigidi.

FÓÌSÌ KẸRIN

Ẹnì kan á ní, Amẹ́ríkà nìyẹn, kí ló kan Enugu? Ó kàn án. Ìlú tí a wà yìí ti mọ iṣẹ́ awò tipẹ́. Ní 1970, tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ìjọba dá ilé àyẹ̀wò kan sílẹ̀ níbí tí àwọn ilé ìwòsàn káàkiri ilẹ̀ Ìgbò ń fi ẹran ara ránṣẹ́ sí. Dókítà Wilson Onuigbo ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó sì fi ohun tó rí lábẹ́ awò kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé. Ọdún yẹn náà ni UNTH bẹ̀rẹ̀ láàárín ìlú níbí, kó tó kó lọ sí Ituku-Ozalla ní 2007. Nílé wa lọ́hùn-ún, UCH Ìbàdàn ti ṣílẹ̀kùn ní 1957, Ọ̀jọ̀gbọ́n George Edington sì wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ìwé àkọsílẹ̀ àwọn tó ní jẹjẹrẹ ní Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960.

Kí nìdí tí mo fi dárúkọ wọn? Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe rí: obìnrin wà ní ìlú kan, ẹran ẹ̀ ń lọ sí ìlú mìíràn. Ẹni tó máa wò ó kò rí ojú ẹ̀ rí. Ìwé pélébé tí wọ́n fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ẹran yẹn ni ẹnu obìnrin náà. Tí wọ́n bá kọ "obìnrin, àgbàlagbà" nìkan síbẹ̀, wọ́n ti di í lẹ́nu nìyẹn.

Ohun tó ṣe èmi gan-an nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mí nígbà náà. Ẹ̀jẹ̀ ń ya lára mi débi pé mi ò lè jókòó ní ṣọ́ọ̀bù láìtẹ́ nǹkan sórí àga. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà kankan, mo ti kọ́kọ́ lọ sí kẹ́mísì, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ họ́mọ̀nù pé kó dá a dúró. Ó dúró díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Níbi tí mo lọ, wọ́n gé e, èsì dé: atypia, kí n tètè wá yọ ilé ọmọ. Wọ́n sọ iye owó. Mo sunkún dé Holy Ghost.

Àbúrò mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn ló sọ fún mi lórí fóònù pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má kọ̀, ẹ má sì tíì gbà. Ẹ lọ gba búlọ́ọ̀kù àti síláìdì yín, kí ẹlòmíràn wò ó." Mo lọ. Wọ́n wá a títí, wọ́n rí i, wọ́n fi sínú nylon kékeré pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀. Ẹran ara mi tí mo gbé sínú báàgì nìyẹn, ó kéré ju kúùbù Maggi lọ. Pathologist kejì wò ó. Kó tó kọ nǹkankan, ó ránṣẹ́ béèrè: oògùn wo lobìnrin yìí ti lò? Wọ́n pè mí, mo sọ ti abẹ́rẹ́ kẹ́mísì yẹn. Kò sí i nínú fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́, torí wọn ò bi mí, èmi náà ò sì sọ. Irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń yí bí awọ náà ṣe rí padà. Ó kọ pé òun ò rí atypia, ṣùgbọ́n kí wọ́n fún mi ní oògùn, kí wọ́n sì tún gé e wò lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Mo lo oògùn fún oṣù mẹ́fà. Wọ́n gé e lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ìyẹn, ó mọ́. Mo ṣì ń lọ fún àyẹ̀wò títí di òní.

Tí mo bá dákẹ́ síbẹ̀, irọ́ ni mo pa fún yín. Torí obìnrin kan wà tí a jọ ń tajà, ẹ̀yin tó pẹ́ ní Ogbete mọ̀ ọ́n, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Nǹkan oṣù ẹ̀ ti dáwọ́ dúró fún ọdún mẹ́rin kí ẹ̀jẹ̀ tó padà wá. Wọ́n gé e, ìwé ní kò sí nǹkankan. Ó dúpẹ́, ó ṣe sàráà, ó sì fi ìwé náà sábẹ́ àpótí. Ẹ̀jẹ̀ ò dúró, ṣùgbọ́n ó ní ìwé ti sọ pé kò sí nǹkankan. Nígbà tó máa fi padà lọ, ó ti kọjá ohun tí wọ́n lè yọ. Ìwé tó dùn mọ́ni nínú náà lè ṣì í. Òun ò béèrè ojú kejì, torí inú èsì àkọ́kọ́ dùn ún. Èmi béèrè, torí ó bà mí nínú jẹ́. Mo máa ń rò ó lóru.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará ilé, ohun tí ìtàn yìí kọ́ mi ni pé kí ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ sì sọ gbogbo ẹ̀: ọjọ́ tí ẹ rí nǹkan oṣù gbẹ̀yìn, abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí, oògùn kẹ́mísì, àgbo pẹ̀lú. Kí ẹ rí i pé wọ́n kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù. Kí ẹ tọ́jú ìwé èsì, kí ẹ mọ ibi tí búlọ́ọ̀kù yín wà àti nọ́ńbà ẹ̀. Tí wọ́n bá sọ pé wọ́n máa yọ ilé ọmọ lórí ọ̀rọ̀ atypia, kí ẹ béèrè kí pathologist mìíràn wò ó, pàápàá ẹni tó mọ̀ nípa ara obìnrin. Kì í ṣe èébú fún dókítà àkọ́kọ́, àwọn fúnra wọn máa ń gbé e fún ara wọn wò. Tí ìwé bá sì ní kò sí nǹkankan, tí ẹ̀jẹ̀ ò dúró, ara yín ni kí ẹ gbà gbọ́, kí ẹ padà lọ. Obìnrin tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró fún, kí ẹ̀jẹ̀ kankan má kéré lójú ẹ̀.

Sí arákùnrin wa tó ni ìwé méjì: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ya èyí tí kò wù yín. Ẹ kó méjèèjì pọ̀, ẹ gba búlọ́ọ̀kù náà, ẹ jẹ́ kí ojú kẹta wò ó, kí dókítà tó ń tọ́jú ìyàwó yín sì rí gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. A ti sọ̀rọ̀ lórí fóònù láàárọ̀ yìí. Tuesday ni wọ́n ń lọ. Ìyàwó náà bá mi sọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀ le. Owó ọkọ̀ àti owó àyẹ̀wò kẹta, a máa mú u nínú àpò ẹgbẹ́. Tí ẹnikẹ́ni bá lòdì sí i, kó pè mí ní ìkọ̀kọ̀.

Alhaja, ẹ má bínú pé mo ti group pa. Àgbo yín dára fún ibà, gbogbo wa ti mu ún. Èyí kì í ṣe ibà.

Mo ti ṣí group padà. Ẹ bi mí ní ìbéèrè, ohun tí mi ò bá mọ̀ máa bá yín béèrè. Tí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ẹ fi fóìsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ránṣẹ́ pọ̀, ẹ má fi kẹta nìkan ránṣẹ́ kí wọ́n má baà rò pé mo ní kí èèyàn má gba dókítà gbọ́. Ọjà ọ̀la á tà o. Ó dàárọ̀.